Àwọn tó fa wáyà nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì wa ní Adó-Èkìtì: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́rin

Oṣù Kejì ọdún yìí la kó ọ́fíìsì wa kúrò ní Ajílosùn lọ sí Adébáyọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi oṣù mẹ́rin sí i kí n tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó bá wa tú nẹ́tíwọ̀kì ibi àtijọ́, ìyẹn àwọn wáyà tó so kọ̀ǹpútà wa pọ̀, tí wọ́n sì fa wáyà tuntun síbi tí a wà báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí iṣẹ́ wáyà, gbogbo ẹ̀ ló máa ń dára. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i, kí iná lọ kó dé bí ìgbà ogún, ẹ ó wá mọ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Ìwé owó là ń bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti iléèwé ṣe, gbogbo fáìlì wa sì wà lórí server kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ti ń mú fáìlì. Ní Ajílosùn, ó tó ọdún méjì tí mo fi ń bá iléeṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì jà. Láti 2020 tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti gé owó tí àwọn iléeṣẹ́ ń san kí wọ́n tó ri okùn fáíbà mọ́lẹ̀ ní Èkìtì, láti 4,500 náírà wá sí 145 náírà, ni mo ti ń retí pé ìyà yẹn máa tán. Fáíbà dé òpópónà wa lóòótọ́, a sì fà á wọlé. Síbẹ̀, bí mo bá ṣí fáìlì láti orí server, á máa yí bìrìbìrì títí n ó fi dìde lọ mu omi. Ó yẹ kí n ti fura: fáìlì yẹn kì í jáde nílé. Yàrá kejì ló ti ń bọ̀. Kí ló kan íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀?

Ẹnjiníà tó jẹ́ olórí àwọn tó wá fa wáyà tuntun yìí ló là mí lójú. Kò tíì dárúkọ owó tó fi ní kí n fún òun ní ọ̀bẹ. Ó gé ìdí wáyà kan lára ògiri, ó bó awọ rẹ̀, ó fa ọ̀kan yọ nínú okùn tín-ín-rín mẹ́jọ tó wà nínú ẹ̀, ó wá fi ojú ọ̀bẹ ha á. “Ẹ wò ó, mà.” Ara rẹ̀ pupa bíi bàbà, inú ẹ̀ funfun. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò. Wọ́n kọ Cat6, orúkọ irú wáyà nẹ́tíwọ̀kì kan, gàdàgbà sí i lára, owó Cat6 náà sì ni àwọn tó fà á fún wa nígbà yẹn gbà lọ́wọ́ mi. Ó ká okùn ọ̀hún síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó já. Bàbà gidi kì í tètè já bẹ́ẹ̀. Inú bí mi débi pé ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi. Gbogbo ìgbà tí mo ti jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí fóònù!

Mo ní kí wọ́n fa èyí tó wọ́n jù ú lọ fún wa, Cat6A. Ó kọ̀. Ó ti fi téèpù wọn ilé tuntun náà, ibi tó jìnnà jù sí yàrá server kò ju mítà 41 lọ. Cat6 tó jẹ́ ojúlówó bàbà ń gbé gigabit 1, ìyẹn megabit 1,000, ní ìṣẹ́jú àáyá kan dé mítà 100, ó sì lè gbé gigabit 10 dé mítà 55. Ó ní kí n fi owó tó bá ṣẹ́kù ra swíìṣì, àpótí tí gbogbo wáyà ti ń pàdé, torí megabit 100 péré lèyí tí à ń lò lè gbé, kò sì sí wáyà tó lè ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbé iṣẹ́ náà fún wọn.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì la pa kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, wọ́n ti ya fọ́tò ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀rọ, wọ́n sì lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojúhò 32, ibi tí a ti ń ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ ara ògiri, ni wọ́n ṣe sí ilé tuntun. Páálí wáyà mẹ́ta, oní mítà 305, ló bá a lọ. Bàbá onílé kọ́kọ́ fàáké kọ́rí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lu ògiri òun. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹnjiníà náà dọ̀bálẹ̀: “Bàbá, ẹ ṣàánú wa, ihò méjì péré ni.” Orí àjà ni wọ́n gbà níbi tó kù. Wọn ò jẹ́ kí wáyà wọn bá ti iná rìn nínú trunking kan náà, ìyẹn ike tí wọ́n ń kó wáyà sí. Fáíbà ni wọ́n fà dé yàrá ìkówèésí tó dá dúró lẹ́yìnkùlé, torí gíláàsì ni inú ẹ̀, kì í gbé iná, àrá ò sì ní gba ibẹ̀ wọlé bá ẹ̀rọ wa. Gbogbo wa la mọ bí àrá ṣe ń sán ní Adó bí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo rí ohun tí mo sanwó fún. Tẹ́sítà wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò, kì í ṣe èyí tó kàn ń tan gílóòbù wínníwínní. Ó ń wọn wáyà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ bóyá ó yege. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yege, mẹ́ta kùnà. Ó ti rẹ̀ mí, mo ní ṣebí kọ̀ǹpútà tí a so mọ́ ọn ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ẹnjiníà ní, “Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, mà, àmọ́ kò yege.” Ó tú ọ̀kan lójú mi. Méjì méjì ni wọ́n lọ́ okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀. Ọmọ tó ṣe é ti tú ìlọ́pọ̀ yẹn gùn tó àtàǹpàkò, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju mìlímítà 13 lọ. Ó gé e, ó tún un tò ní àwọ̀ àwọ̀, ó sì ń fi irinṣẹ́ kan tẹ̀ wọ́n wọlé: kọ́, kọ́, kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Aago mẹ́wàá kọjá kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yege.

Wọ́n ní àléébù tiwọn o. Nọ́ńbà 17 ni wọ́n kọ sára ojúhò méjì, ó sì dà wá láàmú lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ihò inú ògiri fi là sílẹ̀, torí wọn ò sọ fún mi ṣáájú pé àwa la máa wá bíríkìlà. Owó wọn sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti àwọn méjì tó kù tí mo bèèrè lọ́wọ́ wọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n, kó ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí kò sí nínú owó náà sílẹ̀.

Ìwé èsì tẹ́sítà náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ojúhò 32, oníkálukú pẹ̀lú gígùn wáyà rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a gba ọmọbìnrin kan sẹ́nu iṣẹ́. Mo wo ìwé náà, mo ní kó lọ jókòó sídìí 29. Ó ki wáyà kọ̀ǹpútà ẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ṣí ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí n tó padà dé orí àga mi.