Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ní Ìkòròdú: ẹ̀rọ yẹn lè máa purọ́ fún yín

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, láti Sábó dé Ògólóńtò, dé Ìgbógbó, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì LASUSTECH, ẹ má tíì sanwó. Ẹ̀rọ tí wọ́n nù dán, tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tí Windows 11 ń tàn yanran lójú rẹ̀, lè jẹ́ ògbólógbòó tí wọ́n kàn kun àtíkè fún. Oníṣòwò á ṣí "This PC", á tẹ Properties, á na ìka sí i: "Ẹ wò ó fúnra yín, Core i7, RAM 16GB." Ohun tó kọ sójú ẹ̀rọ yẹn lè máà jẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Windows ló ń sọ ọ́ fún yín, wọ́n sì lè kọ́ Windows ní irọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fiyè sí nìyẹn. Windows, bíi Linux àti macOS, ni à ń pè ní operating system, òun sì ni ìyálọ́jà inú kọ̀ǹpútà. Word, Chrome, fídíò, ọlọ́jà tó wá pàtẹ ni gbogbo wọn. RAM ni ilẹ̀ ọjà. Ìyálọ́jà ló ń pín in kí ẹnì kan má baà pàtẹ lé ọjà ẹlòmíì lórí. Òun ló ń pín àkókò processor, ọpọlọ ẹ̀rọ, fún wọn, díẹ̀ díẹ̀, kíákíá, tó fi dà bí ẹni pé gbogbo wọn ń tajà lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, òun ló ń bá kíbọ́ọ̀dù, Wi-Fi àti printer sọ̀rọ̀, òun náà ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti ba Windows jẹ́ kí ẹ tó dé ti gba kọ́kọ́rọ́ ọjà lọ́wọ́ yín.

Irọ́ orí processor ni ká kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń jẹ owó jù. Windows ń kọ orúkọ processor sínú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní registry. Ẹni tó mọ ojú ibẹ̀ lè pa "i3" rẹ́ kó kọ "i7" sí i, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí wọ́n tún tàn án, orúkọ gidi á padà, torí gbogbo ìgbà tí Windows bá ń jí ló ń kọ ọ́ tuntun. Ìdí nìyẹn tí àwọn gbájúẹ̀ fi máa ń fi script kékeré kan (àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé fúnra rẹ̀) pa mọ́ síbẹ̀, tí yóò tún irọ́ náà kọ ní gbàrà tí ẹ̀rọ bá dìde. BIOS, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dìde, ni kò rọrùn láti kọ́ ní irọ́, torí inú motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀rọ so mọ́) ló ń gbé, kì í ṣe inú díìsìkì. Ẹ ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà pátápátá. Bí ẹ bá ti tàn án báyìí, ẹ máa tẹ F10 léraléra bó bá jẹ́ HP, F2 bó bá jẹ́ Dell, F1 bó bá jẹ́ ThinkPad. Ojú ewé tí kò lẹ́wà rárá ni yóò yọ, àmọ́ ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí processor, RAM àti serial number. Ẹ fi fóònù yà á. Bó bá ń béèrè password kí ẹ tó wọlé, tí oníṣòwò kò sì mọ̀ ọ́n, ẹ dìde.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ka nọ́ńbà processor Intel tí ẹ bá rí níbẹ̀. Nínú i5-8250U, 8 iwájú yẹn ló ń sọ pé ìran kẹjọ ni. i7-4600U, ìran kẹrin. i7-1165G7, 11 ló wà níwájú, ìran kọkànlá. Ariwo "i7" lásán kò já mọ́ nǹkan kan: i7-4600U yẹn, core (òṣìṣẹ́ inú processor) méjì péré ló ní, i5-8250U ní mẹ́rin. Ẹni tó bá fi owó i5 ìran kẹjọ ra i7 ìran kẹrin, orúkọ ló rà.

Ìran yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tàn Windows 11. Microsoft, tó ṣe Windows, ní Intel ìran kẹjọ sókè ni kí wọ́n fi í sí (ó gba ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje náà), pẹ̀lú TPM 2.0 àti Secure Boot tí í ṣe ohun ààbò inú ẹ̀rọ, RAM 4GB ó kéré tán àti àyè 64GB. Àwọn oníṣòwò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fo àyẹ̀wò yẹn, wọ́n á fi tipátipá ki Windows 11 bọ inú ẹ̀rọ ọdún 2013. Á ṣiṣẹ́ lójú yín. Àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí update fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, update yìí ni wọ́n sì fi ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má fi Windows 10 tù yín nínú o: 14 October 2025 ni àtìlẹyìn rẹ̀ parí. Ti Windows 7 ti parí láti 14 January 2020.

Oníṣòwò á tún ní: "Ó ti activate, madam," ìyẹn ni pé Microsoft ti fọwọ́ sí Windows inú rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ slmgr /xpr, ẹ tẹ Enter. Àpótí kékeré kan á yọ. Bó bá kọ "permanently activated", ó ṣì sàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé crack (ètò tí wọ́n fi ń activate Windows lọ́nà èrú) kan wà tó lè kọ bẹ́ẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí yóò parí ló kọ, tí kò sì ju oṣù mẹ́fà lọ, KMS ni, ọ̀nà activate kan. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ní server (kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó àwọn yòókù) tirẹ̀ ni Microsoft ṣe é fún. Ọjọ́ 180 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, server náà á sì tún un ṣe. Ẹ̀yin kò ní server. Crack kan ló jókòó sínú ẹ̀rọ tó ń ṣe bí server, ẹ kò sì mọ ohun mìíràn tó ń ṣe níbẹ̀. Kó tó lè wọlé, wọ́n ní láti pa Defender, ọlọ́dẹ tó ń lé fáírọ́ọ̀sì nínú Windows, lẹ́nu mọ́. Ẹ wọ Windows Security, Virus & threat protection, Manage settings, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Exclusions. Ó yẹ kí ibẹ̀ ṣófo. Bí ẹ bá bá C:\ níbẹ̀, ọlọ́dẹ ni wọ́n gbà, tí wọ́n wá ní kò gbọdọ̀ wo inú ilé.

Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ tó ń ti Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà bọ̀, ẹrù ọ́fíìsì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ tó ni ín kò bá tíì yọ ẹ̀rọ náà kúrò nínú orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft, ọwọ́ wọn ṣì wà lára rẹ̀. Oníṣòwò á fi Windows sí i láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kó má baà hàn. Ọjọ́ tí ẹ bá tún Windows fi, tí ẹ so ó mọ́ Wi-Fi, orúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹ kò gbọ́ rí á yọ, á ní kí ẹ fi email àti password wọn wọlé. Ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣe Reset this PC, Remove everything, lójú yín, kí ẹ sì fi hotspot fóònù yín so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè gba wákàtí kan. Ẹ ra ẹ̀pà, ẹ jókòó tì í. Oníṣòwò tí kò ní àkókò fún èyí ti fún yín lésì.

Bátìrì: ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /batteryreport, ẹ tẹ Enter. Fáìlì tó bá ṣe á fi agbára ìgbà tó jẹ́ tuntun wé ti ìsinsìnyí. Bí kò bá tó ìlàjì mọ́, ẹ yọ owó bátìrì kúrò.

Ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀, ẹ má fi ẹ̀rọ náà wọ báǹkì. Ẹ fi fóònù pààrọ̀ password gbogbo ohun tí ẹ ti fi ibẹ̀ wọ̀. Ẹ wá flash 8GB, ẹ lo kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ́ láti fi Media Creation Tool ti Microsoft gbé Windows sórí rẹ̀. Ẹ fi dátà bí 7GB sílẹ̀ fún un. Ẹ kó fáìlì yín nìkan jáde, ẹ má kó app. Nígbà tí ẹ bá ń fi í, ẹ pa gbogbo partition (ìpín inú díìsìkì) rẹ́, kí bátìrì sì kún kí iná má baà lọ mọ́ yín lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11 ló bá a wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, key rẹ̀ wà nínú motherboard, á activate fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fi irú Home tàbí Pro tó bá a wá. Ẹ̀rọ tí kò tó Windows 11 lè lo Linux Mint, operating system mìíràn, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ọmọ tó ń kọ́ AutoCAD, app tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ, kò ní rí i fi síbẹ̀.

Lórí rìsíìtì, ẹ ní kí wọ́n kọ serial number, nọ́ńbà processor lódindi, RAM, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà. "HP i7, sold in good condition" kì í ṣe rìsíìtì. Serial number ìdí láptọ́ọ̀pù sì gbọ́dọ̀ bá ti inú BIOS mu; bí kò bá mu, wọ́n ti pààrọ̀ motherboard tàbí ìdí rẹ̀.