Buckwheat, ẹ̀wà, tàbí ọkà? Irúgbìn ìgbà ooru tó yẹ kí ẹ rà fún oko ẹran ìgbẹ́

Bí ẹ bá ní ilẹ̀ ọdẹ ní Georgia, Alabama tàbí ìlà-oòrùn Texas ní Amẹ́ríkà, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Crimson clover, ewéko olódòdó pupa tí ẹran ń jẹ, àti wíìtì tí ẹ gbìn fún ìgbà òtútù á gbẹ ní oṣù karùn-ún, ẹ ò sì ní gbin òmíràn títí di oṣù kẹsàn-án. Ilẹ̀ náà ò ní ṣófo, èpò ló máa gbà á. Pigweed, ìbátan tẹ̀tẹ̀ tiwa, á ti ga kọjá èjìká kí oṣù keje tó parí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń dá oko fún àgbọ̀nrín àti tòlótòló igbó fi ń gbin ohun tó tètè hù, tó sì tètè bo ilẹ̀. Tí ẹ bá wá dé ilé ìtajà irúgbìn, oríṣi márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń kó síwájú yín. Owó wọn ò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ò dọ́gba.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń bi ọlọ́jà ni pé, èwo ni àgbọ̀nrín fẹ́ràn jù? Lójú tèmi, ìbéèrè kejì nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ọjọ́ mélòó ni ilẹ̀ yìí fi máa wà lọ́wọ́ mi, báwo ló sì ṣe tóbi tó? Ìdáhùn yẹn ló máa yan irúgbìn fún yín.

Buckwheat: fún ilẹ̀ kékeré àti àkókò kúkúrú

Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ò tó éékà kan, buckwheat ni mo máa ń ní kó rà. Ohun ọ̀gbìn eléso ni, kì í ṣe wíìtì láìka orúkọ rẹ̀ sí. Èso rẹ̀ dúdú, ó sì ní igun mẹ́ta. Bí ẹ bá gbìn ín sí ilẹ̀ tó ní omi, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ó ti yọrí. Igi rẹ̀ pọ́n díẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo, ó sì rọ̀ débi pé ìka méjì ti tó láti ṣẹ́ ẹ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, òdòdó funfun á ti bò ó. Ẹ lọ síbẹ̀ ní àárọ̀, ẹ ó gbọ́ ìró oyin kí ẹ tó dé etí oko. Tó bá fi máa di ọ̀sán, oje inú òdòdó á ti gbẹ, oyin á sì ti lọ.

Irúgbìn bíi 50 sí 60 pọ́n-ùn ló ń lọ sórí éékà kan. Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ò dí i lọ́wọ́. Ilẹ̀ kíkan tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó) wà ní 5 pàápàá, ó máa hù níbẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ọ̀pọ̀ irúgbìn mìíràn ò lè rí fà, tí ẹ bá sì gé e, ó tètè jẹrà, oúnjẹ yẹn á di ti ohun tí ẹ máa gbìn tẹ̀lé e. Àgbọ̀nrín ń jẹ ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í wọ́ tì í bí wọ́n ṣe ń wọ́ ti ẹ̀wà. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń fi èyí bù ú kù. Èmi rí i sí àǹfààní, nítorí ilẹ̀ kékeré nílò ohun tí ẹran ò ní jẹ run kó tó bo ilẹ̀. Tòlótòló, àdàbà àti àparò Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní bobwhite ló máa ń jàǹfààní èso rẹ̀ jù.

Àbùkù rẹ̀ wà. Kì í fi náítírójìn, tó jẹ́ oúnjẹ fún ohun ọ̀gbìn, kún ilẹ̀. Kò lè fara da ọ̀dá pípẹ́, kò sì fẹ́ ilẹ̀ tó le gbagidi. Lọ́sàn-án gangan, ewé rẹ̀ á rọ. Bí omi bá wà nílẹ̀, á tún nà tó bá di ìrọ̀lẹ́. Bákan náà, kì í pẹ́ so. Bí ẹ kò bá gé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, èso rẹ̀ lè gbọ̀n sílẹ̀, kó sì tún hù níbi tí ẹ ò ti fẹ́ ẹ.

Ẹ̀wà Iron and Clay: òun ni oúnjẹ gidi

Ẹ̀wà tiwa ni. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá, òwò ẹrú ló gbé e dé gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣì ń sè é pọ̀ mọ́ ìrẹsì níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún. Iron and Clay jẹ́ àdàlù oríṣi méjì. Nematode, aràn ilẹ̀ tó ń ba gbòǹgbò jẹ́, kì í rí wọn bá jà tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fà, ó sì máa ń yọ ewé tuntun títí yìnyín fi máa pa á. Bó bá ṣe dáadáa, ó lè fi 100 sí 150 pọ́n-ùn náítírójìn kún éékà kan.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó dùn jù. Lórí ààbọ̀ éékà tí àgbọ̀nrín pọ̀ yí ká, ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n máa já, igi ṣóńṣó-ṣóńṣó nìkan ni ẹ ó bá nílẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó éékà méjì, tí kò sì fẹ́ ta wáyà oníná yí i ká fún oṣù kan ó kéré tán, kó má gbìn ín lóun nìkan.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ ra inoculant mọ́ ọn, lẹ́búlẹ́bú dúdú tó ní kòkòrò àìfojúrí tó ń bá gbòǹgbò ṣe náítírójìn. Èyí tí wọ́n kọ ẹ̀wà sí lára ni kí ẹ mú, kí ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú mọ́tò nínú oòrùn, ooru á pa á. Ẹ̀wà olójú dúdú láti ilé ìtajà oúnjẹ náà máa hù, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè so, kì í sì í pẹ́ lóko bíi Iron and Clay. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ: irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa láró, pupa tàbí àwọ̀ ewé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sè é jẹ.

Àwọn mẹ́ta yòókù

Lablab náà jẹ́ ìdílé ẹ̀wà, ewé rẹ̀ fẹ̀ ju ti ẹ̀wà lọ. Tó bá ti ta gbòǹgbò, ó fara da ọ̀dá àti jíjẹ dáadáa. Ó wọ́n. Ẹni tó ní éékà púpọ̀ ni mo rò pé ó tọ́ sí.

Sunn hemp wá láti Íńdíà. Láàárín 60 ọjọ́ ó lè ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, kó sì kó náítírójìn tó ju 100 pọ́n-ùn jọ lórí éékà kan. Ó dára gan-an fún ilẹ̀ iyanrìn tó ti gbó. Tropic Sun, tí ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà àti University of Hawaii gbé jáde ní 1983, ló gbajúmọ̀. Àgbọ̀nrín ń jẹ ewé rẹ̀, àmọ́ bó bá pẹ́ nílẹ̀ igi rẹ̀ á le. Ẹ rí i pé *Crotalaria juncea* ni wọ́n kọ sára àpò, torí àwọn ìbátan rẹ̀ kan jẹ́ májèlé fún ẹran ọ̀sìn.

Sorghum-sudangrass jẹ́ ọmọ àkópọ̀ ọkà bàbà àti ìbátan rẹ̀, sudangrass. Owó rẹ̀ kéré, ó ga, ó sì ń pa èpò, ṣùgbọ́n ibi ìsádi ló jẹ́ fún àgbọ̀nrín ju oúnjẹ lọ. Ó ń béèrè ajílẹ̀ púpọ̀, pòròpórò rẹ̀ sì máa ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbin ti ìgbà òtútù. Bí ẹ bá ní ewúrẹ́ tàbí màlúù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ inú rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, tàbí lẹ́yìn tí ọ̀dá tàbí yìnyín bá bà á. Ó máa ń ní cyanide, májèlé, lára.

Ẹ ka ìwé ara àpò

Owó ara àpò nìkan kò sọ bí ọjà ṣe wọ́n sí. Ẹ wo ìwé pélébé tí òfin ní kí wọ́n fi sára rẹ̀: ìdá irúgbìn gidi tó wà níbẹ̀, ìdá tó máa hù nínú rẹ̀, èso èpò, àti oṣù tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi méjì àkọ́kọ́ ṣe ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n àpò náà. Àpò 50 pọ́n-ùn tó jẹ́ 98 àti 90 nínú ọgọ́rùn-ún, irúgbìn tó máa hù níbẹ̀ jẹ́ 44 pọ́n-ùn. Èyí tó jẹ́ 95 àti 70 kò ju 33 lọ. Bí ẹ bá rí VNS, ọlọ́jà ò sọ oríṣi tó jẹ́. Fún buckwheat, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ burú, fún ẹ̀wà, mi ò ní rà á. Iye owó éékà kan ni kí ẹ ṣírò, kì í ṣe ti pọ́n-ùn kan, torí pọ́n-ùn díẹ̀ ni lablab àti sunn hemp ń gbà.

Fún éékà kan sí méjì, èmi á pa wọ́n pọ̀: ẹ̀wà 30 pọ́n-ùn, buckwheat 20, sorghum-sudangrass 5 fún éékà kọ̀ọ̀kan. Buckwheat á kọ́kọ́ bo ilẹ̀, ẹ̀wà á fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà á fà mọ́ pòròpórò. Fún ààbọ̀ éékà, buckwheat nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án, kí òjò tó rọ̀, ẹ fọ́n wíìtì àti clover sáàárín rẹ̀ lórí ìdúró, kí ẹ sì gé e bò ó.

Bí àdàbà ni ẹ fẹ́ ṣọdẹ, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà yín láyè láti gé ohun tó hù lórí ilẹ̀ náà sílẹ̀. Kò gbà yín láyè láti gbé èso láti ibòmíràn wá dà síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ọjọ́ mẹ́wàá sì kọjá, kí ìbọn tó ró níbẹ̀. Ti pẹ́pẹ́yẹ igbó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: buckwheat tí ẹ ò tíì kórè, tí ẹ wá gé lulẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ yìnbọn sí pẹ́pẹ́yẹ lórí rẹ̀.