Erèé ni mo sọ, wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀wà

Ẹ jẹ́ n tètè kọ ọ́ kínú mi tó rọ̀. Alẹ́ Sátidé la lọ ṣeré òru tí wọ́n fi ń wá owó àga àti tábìlì fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Ẹ̀pẹ́. ₦5,000 lórí ẹnì kan. Wọ́n á fún yín ní máàpù, kọ́ńpáàsì àti kádì, ẹ ó wá ibùdó 8 kiri nínú igbó ẹ̀bá Èrèdò, yàrà àti odi àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kó tó di aago 12, wọ́n á pàlọ́ níbi kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá já a wọ́n á lu sìtáǹbù.

Ibùdó 5 lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ọmọkùnrin kan jókòó ti làńtà, ó ní "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Àlọ́ ìyá ìyá mi gangan! Mo ní erèé ni. Ó wo ìwé ọwọ́ ẹ̀, ó ní rárá mà, ẹ̀wà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní ọmọ mi, kí wá ni erèé, ṣé kì í ṣe ẹ̀wà náà ni? Ó ní òun ò mọ̀ mà, ìwé lòun ń tẹ̀lé. L'Ẹ̀pẹ́ o, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú! Mo ní ó dáa, ẹ̀wà. Ó ní ẹ ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa dúró ìṣẹ́jú 10. Mo ní kó pe ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ní "Mummy, ẹ fara balẹ̀, eré lásán ni." Eré lásán, ẹ̀fọn sì ń jẹ mí lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń jẹ sùyà, àwọn tá a ṣáájú ń kọjá, wọ́n ń kí wa kú ìjókòó!

Ojú ti ọmọ náà ni mo rò, ó ṣáà dìde, ó na làńtà sísàlẹ̀ yàrà. Háà. Ilẹ̀ yẹn jìn. Ó ní níbòmíì ó ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ dé orí odi, pé gbogbo ẹ̀ tó kìlómítà 160, ọwọ́ ni wọ́n sì fi gbẹ́ ẹ. Ó wá ń sọ ìtàn Bílíkísù Sùngbọ́, opó olówó tí kò bímọ, tó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kórúkọ òun má bàa pa rẹ́, ẹnu ẹ̀ dùn ju máàpù wọn lọ (lẹ́tà máàpù yẹn kéré bí ẹyin iná orí). Àǹtí mi tá a jọ lọ, tí kò bímọ, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbọ́wọ́ lé odi yẹn, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

Ibùdó 6 la wà tí aago 12 lù, torí erèé. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fún wa nígbà tá a jáde gbóná, ẹja ẹ̀ sì pọ̀, mi ò ní purọ́.

Máàkì: 3 nínú 10. Àǹtí mi ní kí n forúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀ de ìgbà tí wọ́n bá tún ṣe é, mo sì ti fi sílẹ̀.