Ẹ̀rọ Tortoise àti díkódà DS64 fún oríta irin: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù 14

Oṣù 14 nìyí tí mo ti ń fi ẹ̀rọ Tortoise mẹ́rìndínlógún, láti ilé iṣẹ́ Circuitron, yí àwọn oríta, ibi tí irin ti ń ya sí ọ̀nà méjì, lórí rélùwéè kékeré mi, díkódà DS64 mẹ́rin láti ọ̀dọ̀ Digitrax, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àṣẹ tó sì ń túmọ̀ rẹ̀, ni ó sì ń darí wọn. Ìwọ̀n HO ni mo ń lò, èyí tí ohun gbogbo jẹ́ ìdá kan nínú 87 ti gidi, yàrá abẹ́ ilé wa ní Maryland ni mo sì tẹ́ ẹ sí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ra DCC, ètò tó ń fi iná àti àṣẹ ránṣẹ́ pọ̀ gba ojú irin, ló máa ń rò pé wáyà méjì tó ń gbé iná lọ sí ojú irin ti tó fún ohun gbogbo, títí kan àwọn oríta. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, owó àti àkókò mi sì bá a lọ.

Ẹ̀rọ oní-kọ́ìlì ni mo kọ́kọ́ lò. Bí iná bá wọ kọ́ìlì kan, á fa irin sí ọ̀tún. Bí ó bá wọ èkejì, á fà á sí òsì, pẹ̀lú ìró gbàmù tó ń mi pákó. Iná tí ó ń fẹ́ kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ampere mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi máa ń so kapásítọ̀ tí ń kó iná jọ mọ́ ọn. Bí iná bá dúró pẹ́ lórí rẹ̀, á gbóná títí yóò fi jó. Méjì jó mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín oṣù kan, nítorí bọ́tìnnì tó há tí kò padà sókè.

Tortoise kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ro ó, ìrìn ahun ni ó ń rìn: bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni irin fi ń ti apá kan dé èkejì, ó sì ń dùn mọ́ mi láti máa wò ó, torí pé ó jọ ti ojú irin gidi. Nígbà tó bá dé òpin, mọ́tò inú rẹ̀ á dúró, ṣùgbọ́n iná kò ní kúrò lórí rẹ̀, yóò sì di irin mú pinpin. Milliampere 15 péré ni ó ń fà bí ó ti dúró yẹn, nítorí náà gbogbo mẹ́rìndínlógún kò ju 240 lọ.

Ọ̀rọ̀ bríìjì, ìyẹn kí ọwọ́ iná méjèèjì pàdé níbi tí kò yẹ, ló mú mi fẹ́ràn ètò yìí jù. Àárín oríta, níbi tí irin méjì ti gba orí ara wọn kọjá, ni àwọn Òyìnbó ń pè ní frog, èyíinì ni ọ̀pọ̀lọ́. Bí frog náà bá ní iná, tí ọkọ̀ sì wọ oríta tí a kò tíì yí sí ọ̀nà rẹ̀, ẹsẹ̀ irin ọkọ̀ náà á so ọwọ́ iná méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ DCC á sì pa iná ojú irin kí nǹkan má bàa jó. Kí a yí oríta ni ìtúsílẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ oríta bá ń gba iná láti ojú irin kan náà, iná wo ni yóò fi yí i? Ọwọ́ ni mo fi ń gbé ọkọ̀ kúrò lọ́pọ̀ ìgbà, títí tí mo fi fún àwọn DS64 ní iná tiwọn, fólítì 12 DC láti inú ṣájà ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, iná ọ̀tọ̀ nìkan kò tó: nígbà tí àṣẹ ṣì ń gba ojú irin kọjá, bríìjì kan náà ló ń dí i lọ́nà. Ìgbà tí mo fa wáyà LocoNet, èyí tí àwọn ẹ̀rọ Digitrax fi ń gbé àṣẹ fún ara wọn, dé ọ̀dọ̀ wọn ni ìṣòro yẹn tán, torí pé wáyà yẹn kì í kú tí iná ojú irin bá kú.

Súìṣì méjì tún wà nínú Tortoise kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà ní àwọn ẹsẹ̀ tí a ń so wáyà mọ́, iná mọ́tò sì ń wọ ẹsẹ̀ 1 àti 8. Mo so frog mọ́ ẹsẹ̀ 4, mo sì so irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ 2 àti 3, kí iná frog lè máa yí pẹ̀lú oríta fúnra rẹ̀. Bí bríìjì bá ṣẹlẹ̀ ní kété tí oríta yí, ẹ pààrọ̀ 2 àti 3.

Àyè abẹ́ pákó ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, nítorí gíga Tortoise ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Pákó mi nípọn, wáyà tó bá ẹ̀rọ náà wá, èyí tó ń ti irin oríta, sì ń tẹ̀ kí agbára tó dé orí irin, nítorí náà mo fi èyí tó nípọn díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. DS64 lè darí oní-kọ́ìlì àti oní-mọ́tò, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ yan irú tí ẹ ní kí ẹ tó so wọ́n pọ̀.

Fún ẹni tí oríta rẹ̀ kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tó wọn láti ibi tó jókòó sí, èmi ò ní rọ̀ ọ́ láti náwó báyìí. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju mẹ́jọ lọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Oríta mẹ́rin ló kù ní ìgun ibi tí mo ń gbé àwọn ọkọ̀ ẹrù sí, mo sì ti ra Tortoise wọn àti DS64 karùn-ún sílẹ̀.