Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra àgbo inú ike: èyí tó ń hó yẹn ti bàjẹ́ ni, kì í ṣe agbára

Ẹ̀yin ará, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí alágbo orí WhatsApp kankan. ₦38,000 ni mo san. Páálí àgbo ibà kan, ike méjìlá, pẹ̀lú àgúnmu jẹ̀dí nínú ọ̀rá, owó wébíìlì ò sí nínú ìyẹn o. Kò sí ẹyọ kan tó ṣeé mu níbẹ̀. Ẹyọ kan!

Ìdí àwọn ike náà ti wú síta débi pé wọn ò lè dúró gbọọrọ lórí tábìlì. Bí mo ṣe tú ìdérí àkọ́kọ́, ó pariwo ṣìì, ìfófòó sì tú jáde. Òórùn kíkan ti bo òórùn ewé mọ́lẹ̀. Awọ funfun kan léfòó lókè àgbo, nǹkan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí yíká. Ìkejì rí bẹ́ẹ̀. Ìkẹta rí bẹ́ẹ̀. Àgúnmu ńkọ́? Ó ti ṣù ní igun ọ̀rá, nígbà tí mo fọ́ ṣíṣù náà, èébu aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹni tó tà á fi dá mi lóhùn: “Ó ń hó torí pé agbára rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó mu ún.” Kí n gbọ̀n ọ́n! Àmì ìbàjẹ́ ni ó fi ń polówó ọjà! Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú ju owó náà lọ, torí ẹlòmíràn á gbà á gbọ́, á sì rọ ọ́ fún ọmọ mu.

Ìhó yẹn kò ti ọwọ́ ewé wá. Ìwúkàrà àti bakitéríà ló ń jẹ ṣúgà tó ti ara èèpo ọ̀pẹ òyìnbó àti àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n sè jáde, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tú sílẹ̀ ló ń wú ike. Àgbo inú ìkòkò nílé, àárọ̀ àti alẹ́ la máa ń gbé e kaná, àwọn àgbà kò sì ṣe é lásán. Sísè àkọ́kọ́ ń pa bakitéríà tó wà lójúfò, ṣùgbọ́n àwọn kan bíi Bacillus cereus ti máa ń fi èèpo líle bo ara wọn mọ́lẹ̀ kí omi tó hó, híhó náà kì í sì í pa wọ́n. Bí àgbo bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á jí, wọ́n á máa bí sí i. Ìgbékaná ìrọ̀lẹ́ ló ń pa èyí tó ti jí. Ẹni tó wá rọ ọ́ sínú ike, tó gbé e sínú yàrá gbígbóná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ta ló ń bá a gbé e kaná? Ẹ má sì rò pé ẹ lè tún èyí tó ti kan sè. Májèlé tí Bacillus cereus fi ń mú èèyàn bì, omi híhó kì í pa á.

Ike gan-an tún dá kún un. Ike omi ẹlẹ́rìndòdò kò lè gba àgbo gbígbóná, á rún wómúwómú. Nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ fi àgbo sílẹ̀ nínú báàfù kó tutù, láìbò ó, eṣinṣin ń bà lé e, kí wọ́n tó fi ife àti àrọ bù ú. Àsìkò yẹn gan-an ni kòkòrò àìfojúrí ń wọlé. Ike àlòkù tí wọ́n kàn fi omi kànga ṣan ńkọ́? Bí E. coli, bakitéríà inú ìfun, bá wà nínú àgbo, ìgbẹ́ èèyàn tàbí ti ẹran ti kàn án níbìkan, yálà nínú omi, lórí ilẹ̀ tí wọ́n sá ewé sí, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó rọ ọ́.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé jáde ní 2007 fún egbòogi tí a ń gbé mì ni pé kí bakitéríà má ju 100,000 lọ nínú gíráàmù kan, kí ìwúkàrà àti èébu má ju 1,000 lọ, kí E. coli má ju 10 lọ, kí Salmonella, bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, má sì sí rárá. Ti èébu inú àgúnmu tún burú lọ́tọ̀, torí irú Aspergillus flavus a máa ṣe májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ gbọ̀n èébu náà dànù, ẹ tún un sá sóòrùn, ẹ pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, májèlé náà ṣì wà níbẹ̀. Àgúnmu tí kò gbẹ dénú kí wọ́n tó gún un ló ń bu bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọjà pọ́ọ́kú ló tàn mí jẹ o. Kò pọ́ọ́kú! Mo sì bèèrè ìwé àyẹ̀wò láàbù kí n tó sanwó. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́, ọjọ́ tí láàbù gba àgbo náà wọlé àti ọjọ́ tí èsì jáde jẹ́ ọjọ́ kan náà. Ó dùn mí wọra pé ojú mi rí i, síbẹ̀ mo sanwó. Kíka iye bakitéríà lórí àwo láàbù ń gba ọjọ́ 3 sí 5, ti èébu ń gba 5 sí 7. Èsì ọjọ́ kan, irọ́ ni. Lára ike, ọdún mẹ́ta ni wọ́n kọ pé kó tó bàjẹ́, àgbo olómi tí kò sí ọtí tàbí ohun tí ń dá ìbàjẹ́ dúró nínú ohun tí wọ́n kọ pé wọ́n fi sè é! Nọ́mbà NAFDAC ara rẹ̀, ọjà mìíràn pátápátá ló ni ín.

Ní báyìí, kò sí ẹni tí mo gbà gbọ́ nínú wọn mọ́, alágbo olómi ni o, oníkápúsù ni o, oní-bitters ni o.

Ẹ wo nọ́mbà náà lórí NAFDAC Greenbook, àkọsílẹ̀ ọjà tí NAFDAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí orúkọ ọjà àti iléeṣẹ́ bára mu. Ti egbòogi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A7, á parí sí L. Ọdún méjì ni ó ń lò kí wọ́n tó tún un gbà, kò sì túmọ̀ sí pé NAFDAC ti jẹ́rìí sí i pé ó ń wo àìsàn. Ẹ ra ẹyọ kan wò kí ẹ tó ra páálí. Ìgò tí wọ́n rọ àgbo gbígbóná sí, tí wọ́n dé lójú ẹsẹ̀, sàn ju ike lọ. Èyí tó bá ti wú, ẹ má tọ́ ọ wò rárá. Aláboyún, ọmọdé àti ẹni tí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú, kí wọ́n jìnnà sí i. Ẹni tó bá ti mu ún, tó ń yàgbẹ́ tàbí tó ń bì, kó máa mu ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ojú pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ibà pọ́njú, tàbí tí ìtọ̀ kò wá mọ́, ilé ìwòsàn ni.

Tí wọ́n bá ta irú rẹ̀ fún yín, ẹ ya fọ́tò nọ́mbà bátìṣì, ẹ fi èyí tí ẹ kò tíì ṣí sínú fíríìjì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ìpínlẹ̀ yín. Èyí tí ẹ ti ṣí kò wúlò fún ẹ̀sùn mọ́, torí ẹni tó tà á á ní ìdọ̀tí ilé yín ló kó sí i.