Lekki, Okomu tàbí Afi: Ibo ni kí owó ìgbafẹ́ yín lọ?

Bó bá jẹ́ pé ọ̀bọ lẹ fẹ́ rí dandan, tí ẹ sì fẹ́ padà sùn sílé yín, Lekki Conservation Centre, ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó àti ẹranko l'Ékòó, ni kẹ́ ẹ lọ. Hẹ́kítà 78 péré ni, ẹ̀bá títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ló wà. Àwọn ọ̀bọ mona ibẹ̀ ti mojú èèyàn débi pé wọ́n lè já bísíkíìtì gbà lọ́wọ́ ọmọ yín. Afárá orí igi tí wọ́n ṣí ní 2015 gùn ní mítà 401. Ó máa ń mì, kí ẹni tí òòyì ń kọ́ má wulẹ̀ gùn ún.

Okomu, igbó ẹranko tí ìjọba ń dáàbò bò ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ló yẹ kéèyàn torí ẹ̀ sanwó ibùsùn. Ẹ ó gba Benin kọjá sí Udo, oko ọ̀pẹ àti rọ́bà lẹ ó sì máa rí lọ títí kí igbó gidi tó dé. Erin wà níbẹ̀, ẹfọ̀n wà, ọ̀bọ ọlọ́fun funfun tí kò wọ́pọ̀ láyé mọ́ náà wà. Ṣùgbọ́n wíwà lọ̀tọ̀, rírí lọ̀tọ̀. Ìmí erin àti ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ tómi dárogún sí lẹ lè rí. Òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé èèyàn ò ṣeé fọkàn tán. Ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ máa rí erin, owó yín lòun fẹ́ rí. Ìdájí lẹ ń sanwó fún níbẹ̀, nígbà táwọn ọ̀bọ ń jẹun lórí igi kí oòrùn tó mú.

Afi, igbó ẹranko orí òkè ní Boki, ìpínlẹ̀ Cross River, jìnnà sí ará Èkó gan-an, síbẹ̀ ibẹ̀ lèmi máa yàn bówó bá tó. Drill Ranch, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, ló ń tọ́jú ọ̀bọ drill níbẹ̀: ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ìdí akọ rẹ̀ sì pọ́n, ó tún ní búlúù nínú. Inú ọgbà ńlá onígi tí wáyà oníná yí ká ni wọ́n wà, nítorí náà, ẹ máa rí wọn. Àwọn kan á ní ẹran inú ọgbà kọ́ làwọn bá wá. Wọn ò jẹ̀bi. Ìnàkí Cross River (gorilla) tó wà lórí òkè ńkọ́? Gbogbo wọn ò tó 300 láyé, ẹ má fọkàn sí i.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ pe àwọn tó ń bójú tó ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ: ta ló ń dáná, ṣé atọ́nà wà nínú owó náà, ṣé ọ̀nà ṣeé gbà báyìí? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù fún Okomu àti Afi, torí ẹrẹ̀.