Crossword Tó Kó Àwọn Ìlú Àlá Jọ: Àgbéyẹ̀wò Láti Ọwọ́ Ẹni Tó Já A Dópin

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀, ẹ wá gbọ́ nípa crossword yìí, eré àpótí tí a ń fi lẹ́tà ìdáhùn kún, tí ìdáhùn ìbú àti ti òró máa ń pàdé ara wọn. Inú ìwé pẹlẹbẹ kan tí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan nílùú Ọba ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà: crossword kan lójú ewé kan, ìdáhùn gbogbo wọn lẹ́yìn ìwé. Èyí tí mò ń sọ yìí jẹ́ àpótí 15 ní ìbú, 15 ní òró, orí ohun kan ṣoṣo ló sì dá lé: àwọn ibi tí ọmọ aráyé ti ń fọkàn yàwòrán wọn pé ìyà ò sí níbẹ̀. Kò kọ ọ́ sókè pé ohun tóun ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ máa fura fúnra yín. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ní tèmi o, ẹni tó kún àpótí tán ò tíì já crossword, àfi tó bá lè ṣàlàyé ìdí tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan fi rí bẹ́ẹ̀. Ibi àlàyé yẹn gan-an ni ìwé yìí ti kù díẹ̀ káàtó.

Fún ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí: crossword lásán, irú èyí tí Arthur Wynne, ọmọ bíbí Liverpool, gbé jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló ń béèrè. Èyí tí wọ́n ń pè ní cryptic, irú èyí tó wà nínú ìwé yìí, yàtọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti gbilẹ̀; Edward Powys Mathers, tó ń fi Torquemada bo orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Observer láti ọdún 1926, wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó ń béèrè ìdáhùn ní apá méjì. Apá kan, tó lè wà níbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí, ń sọ ìtumọ̀ ìdáhùn. Apá kejì ń sọ bí a ó ṣe to lẹ́tà rẹ̀ jọ. Apàlọ́, ẹni tó ṣe crossword náà, á wá hun àwọn méjèèjì pọ̀ débi pé gbólóhùn náà á máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n á ní, "Òkun ń hó yeye, ọ̀sà ń hó yeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́," a ó sì dáhùn pé orógùn ni. Àpèjúwe nìkan ni àlọ́ ń fún wa. Ẹni tó pa á ló máa sọ bóyá a gbà á tàbí a ò gbà á. Ti cryptic ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìtumọ̀ bá bá a mu, tí lẹ́tà náà sì pé, ẹ ti gbà á, ẹ ò ní láti bi ẹnikẹ́ni.

Ibi tó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ ni 9 ní ìbú, ìyẹn gbólóhùn nọ́ńbà 9 tí ìdáhùn rẹ̀ lọ ní ìbú: "Garden found in crowded enclosure (4)". Ó dún bí ọgbà kan tí wọ́n há mọ́ àárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ gbàgbé ìyẹn. "Garden" ni ìtumọ̀. "Found in" ń sọ pé inú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìdáhùn sá pamọ́ sí. Ẹ fi ìka tọ ìparí "crowded" bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ "enclosure", ẹ ó bá Eden níbẹ̀, ọgbà Ádámù àti Éfà. Nọ́ńbà inú àkámọ́ yẹn, iye lẹ́tà ìdáhùn ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni "Girl has an upset in hidden valley (7-2)". Ọmọbìnrin kan tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ni ojú kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n "upset" ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀: ó ń pàṣẹ pé ká da lẹ́tà "girl has an" rú. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni. Mo kọ wọ́n yípo bí òrùka sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, torí bí wọ́n bá ṣì tò ní ìlà, "girl" lojú á máa kà ṣáá. Bí mo ṣe rí i pé ọ̀rọ̀ kejì jẹ́ lẹ́tà méjì péré ni LA yọjú, Shangri-La bá dé. James Hilton ló ṣẹ̀dá àfonífojì yẹn nínú ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1933, orúkọ náà sì rìn jìnnà: ní 1942 Ààrẹ Roosevelt ti Amẹ́ríkà fi sọ ibi ìsinmi rẹ̀ lórí òkè ní Maryland, èyí tí Ààrẹ Eisenhower wá yí sí Camp David, ní 2001 ìjọba Ṣáínà sì fi sọ àgbègbè Zhongdian ní Yunnan. Wọ́n fi orúkọ ibi tí kò sí sọ ibi tó wà! Irú nǹkan báyìí ni mo fẹ́ kí ojú ewé ìdáhùn sọ fún ẹni tó ra ìwé.

Ibi tí apàlọ́ yìí ti fi hàn pé òun mọṣẹ́ ni àárín àpótí náà. "More's country is up to AI to reform (6)". Ẹ ò rí i bí ó ṣe fi "More" síbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn? Lẹ́tà ńlá tó yẹ kó tú u fó pé orúkọ èèyàn ni, ó ti bò ó mọ́lẹ̀. "To reform" ń pàṣẹ pé ká da "up to AI" rú, ó di Utopia, erékùṣù tí Thomas More kọ̀wé nípa rẹ̀ ní èdè Látìn, tí wọ́n tẹ̀ ní Leuven lọ́dún 1516. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́ níbẹ̀, góòlù ni wọ́n sì fi ń ṣe ìkòkò ìtọ̀. Ẹrú náà sì wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n góòlù dè. Ìlú tó dára tó ní ẹrú, mi ò lè gbà pé ó dára.

Lẹ́tà O inú Utopia ni 12 ní òró gbà kọjá: "Nowhere rebuilt as Butler's country (7)". Butler yìí kì í ṣe ìránṣẹ́ inú ilé ọlọ́lá o. Samuel Butler ni, tó ti sin àgùntàn rí ní New Zealand kó tó gbé Erewhon jáde ní 1872. Lẹ́tà "nowhere" náà ni, wọ́n kàn tún un tò. Nínú ìtàn rẹ̀, ẹni tó bá ṣàìsàn ni wọ́n ń gbé lọ sílé ẹjọ́, àwọn ará ìlú sì ti ba ẹ̀rọ wọn jẹ́ torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹ̀rọ á ju èèyàn lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ wá wò ó: gbólóhùn tó ń sọ̀rọ̀ AI, ọgbọ́n tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ, ló dábùú ìlú tó fọ́ ẹ̀rọ. Mi ò gbà pé ó ṣèèṣì. Mo dìde nílẹ̀, mo rìn yíká pálọ̀ nígbà tí mo rí i.

Avalon ò le: "A very isolated, endless island for Arthur (6)". A, lẹ́yìn náà V tó dúró fún "very", lẹ́yìn náà "alone", tó túmọ̀ sí "isolated", tí a gé E ìdí rẹ̀ kúrò nítorí "endless". Ibẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n gbé Ọba Arthur, ọba inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ lẹ́yìn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Ti Xanadu ni "Khan's summer place: kiss an ad by university (6)". Ẹni tó bá ń gbé nílùú Ọba níbí mọ̀ pé X ni wọ́n ń kọ sí ìparí lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́ fún ìfẹnukonu. Àwọn èèyàn wa nílé lè má tètè rí i. X, AN, AD, U tó dúró fún "university". Xanadu wà lóòótọ́: Shangdu ni, níbi tí Kublai Khan, ọba àwọn Mongol, ti ń lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní Inner Mongolia, UNESCO sì kọ àwókù rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2012.

Ẹ̀sùn méjì ni mo ní. Wọ́n fi IA, ìkékúrú tí ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ń lò fún Iowa, parí Arcadia, ilẹ̀ àlàáfíà àwọn darandaran inú ewì, lẹ́yìn ARC àti AD. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas tàbí Maryland á rẹ́rìn-ín, ẹ ó sáré kọ ọ́. Àwa tó kù á máa họrí. Èkejì ló dùn mí jù: "I ran van wildly in a state of bliss (7)". Nirvana ni, lẹ́tà rẹ̀ sì pé. Àmọ́ nínú ẹ̀sìn Búdà, Nirvana kì í ṣe ìlú tàbí erékùṣù tí èèyàn ń lọ. Ipò tí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ti kú nínú èèyàn ni. Apàlọ́ fẹ́ fi "state" bò ó, torí "state" lè jẹ́ orílẹ̀-èdè. Ọgbọ́n ni, mo gbà, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jókòó láàárín Eden àti Avalon.

Àwọn tó tẹ ìwé yìí ló jẹ̀bi ẹ̀yìn ìwé. Ìdáhùn nìkan ni wọ́n tò síbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọ á rí AVALON, kò ní mọ ibi tí E wọlẹ̀ sí, ọ̀la á tún kọ lu irú rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti tó: ìtumọ̀ rèé, lẹ́tà rèé. Kò ní ju ojú ewé kan lọ, owó tí wọ́n sì gbà lọ́wọ́ wa ká a. Mo ti kọ̀wé sí wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Bí ẹ bá rà á, pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, kì í ṣe báírò. Ẹ má ka kọ́mà inú gbólóhùn sí rárá. Ìtànjẹ ni púpọ̀ nínú wọn. Bí ìdáhùn bá sì ti wá sọ́kàn, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́ sínú àpótí.